Páànù, Àkòdì àti Ẹ̀rọ Amúlétutù

Ìhà àríwá Èkìtì, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́ títí kan Ìkọ̀lé, jẹ́ ibi tí ojú ọjọ́ kì í ti í fepo bọyọ̀. Ibẹ̀ ni igbó ti ń di ọ̀dàn. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Kejìlá, òru a tutù tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà yóò fi máa wá iná kiri. Bí ó bá sì di oṣù Kejì sí Ìkẹta, kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ooru a lé onílé síta. Àwọn àlejò a máa fi orúkọ ìlú Ọ̀yẹ́ àti orúkọ ọyẹ́ ṣeré. Èmi kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mú ilé dẹrùn ní agbègbè wa, ọ̀tá méjì ni yóò bá jà.

Ọ̀rọ̀ yìí dé bá mi ní ọdún 2024, nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù tí bàbá wa rà sí ilé rẹ̀ ní Ìkọ̀lé dákẹ́ pátápátá. Bàbá ti lọ. Ìyá wa, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni ó kù nínú ilé oníyàrá mẹ́fà náà. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, irú èyí tí a ń lu ògiri fún, gáàsì R-22 ni ó sì ń lò, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fohùn ṣọ̀kan láti pa tì lábẹ́ àdéhùn Montreal ti ọdún 1987, nítorí ìpalára tí ó ń ṣe fún ozone tí ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Àtúnṣe rẹ̀ kò mọ́gbọ́n wá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé ní London ránṣẹ́ pé kí a fi ẹ̀rọ tuntun sí yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọn yóò san owó rẹ̀. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti ṣẹ̀. Ní ilé wọn lọ́hùn-ún, báilà kan ṣoṣo ni ń fi omi gbígbóná nínú páìpù gbé ooru dé gbogbo yàrá. Wọ́n tilẹ̀ ti ń rò ó láti fi ẹ̀rọ tí ń fa ooru wọlé láti inú afẹ́fẹ́ ìta rọ́pò rẹ̀, nítorí pé láti ọdún 2022 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń ran onílé lọ́wọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, tí ìrànlọ́wọ́ náà sì gòkè láti 5,000 dé 7,500 pọ́n-ùn ní ọdún 2023. Ẹ̀rọ yẹn àti amúlétutù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ọ̀kan ń kó ooru wọlé, èkejì ń kó o jáde. Kò sí ẹ̀rọ tí ń dá òtútù sílẹ̀. Ooru ni a ń kó láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ìbéèrè tí mo bi ẹ̀gbọ́n mi nìyí: ooru tí a fẹ́ máa fowó kó jáde yìí, níbo ni ó ń gbà wọlé?

Òrùlé ni.

Mo gbọ́njú bá apá kan nínú agbo ilé wa àtijọ́. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, koríko ni a fi bo orí rẹ̀, àkòdì sì wà láàrin tí ó kọjú sí ojú ọ̀run. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a gba àkòdì gòkè lọ, èyí tí ó tutù a sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé láti dí àyè rẹ̀. Oòrùn yóò pa ògiri náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ooru tó là á já. Nígbà tí òru bá sì tutù, ooru tí ògiri ti gbà sára ni yóò máa dá padà fún àwọn tí ó sùn. Ní ìgbà ọyẹ́, ààrò kì í kú. Èéfín rẹ̀ a máa lé kòkòrò kúrò nínú koríko òrùlé, a sì bá àkòdì jáde. Ohun tí báilà ń ṣe ní London àti ohun tí amúlétutù ń ṣe ní Èkó, ilé kan náà ni ó ń ṣe méjèèjì.

Kí a má tan ara wa jẹ: ilé náà a máa jò, iná a máa jó o, inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ẹni tí ó bá ti dìde rí lóru láti ká ẹní kúrò lọ́nà òjò kò ní bá àwọn bàbá wa wí pé wọ́n fi owó kòkó ra páànù. Ṣùgbọ́n irin tín-ín-rín ni páànù. Bí oòrùn bá ti yan án, tí kò sì sí àjà gidi lábẹ́ rẹ̀, orí àwọn tí ó wà nínú ilé ni ooru rẹ̀ ń bọ́ sí. Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn òyìnbó ayàwòrán-ilé tí ó ṣiṣẹ́ fún Yunifásítì Ìbàdàn, mọ èyí dáadáa: wọ́n to ilé kí afẹ́fẹ́ lè gba iwájú wọlé kí ó gba ẹ̀yìn jáde, wọ́n sì fi ògiri oníhò ṣíji bo ojú oòrùn. Willis Carrier ní tirẹ̀, tí ó ṣe ẹ̀rọ amúlétutù òde òní ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1902, kò ní ènìyàn lọ́kàn rárá. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn ni ó ṣe é fún, kí ọ̀rinrin má baà ba bébà wọn jẹ́.

Mo jókòó ṣírò owó. Ẹ̀rọ kékeré tí ọjà ń pè ní wọ́n-họ́ọ̀sì ń gba nǹkan bí wáàtì 750. Fáànù òkè àjà kì í sábà ju 80 lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó ẹyọ iná kan fún àwọn tí a kà sí Band A fò láti nǹkan bí 68 náírà sí 225. Ní iye yẹn, ẹ̀rọ kan tí ó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ láì sinmi yóò jẹ 1,350 náírà lóru kan. Fáànù kò ní jẹ 150. Ẹ wá sọ ẹ̀rọ náà di mẹ́fà. Bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ni, epo rẹ̀ tí kò tó 200 náírà fún lítà kan ní iye ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023 sì ti kọjá 480 kí oṣù náà tó parí.

Síbẹ̀, kì í ṣe owó ni ó bà mí lẹ́rù jù. Bí ọyẹ́ bá ti mú, ìyá wa a máa gbé ìkòkò iná èédú wọ yàrá, wọn a sì ti fèrèsé gíláàsì pa. Èédú tí ń jó nínú yàrá tí a tì pa ń tú gáàsì kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ó sì lè pa ẹni tí ó sùn.

Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé iná wọ yàrá mọ́.”

Wọ́n ní, “Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni wọ́n bí mi sí. Ṣé ó pa mí?”

Mo ní, “Ilé tí ààrò yẹn wà ní àkòdì, Ìyá. Gíláàsì ni tiwa.”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n máa ṣe ohun tí mo bá fẹ́ ṣe.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí owó náà kọ́kọ́ kan káfíńtà. A kan àjà tuntun sí gbogbo yàrá, a sì fi ihò oníwáyà sí abẹ́ etí òrùlé kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó wà láàrin páànù àti àjà lè máa jáde. A yọ fèrèsé tí a ń fà, tí kì í ṣí ju ìdajì lọ, a fi èyí tí ń ṣí tán rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Lẹ́yìn èyí ni a ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo, irú èyí tí ó lè mú yàrá tutù tí ó sì lè mú un móoru, sí yàrá Ìyá, nítorí ara àgbàlagbà kì í tètè bá ooru jà bí ti ọ̀dọ́, òùngbẹ kì í sì í tètè gbẹ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi fajú ro. “Ẹ̀rọ kan péré? Kí ni àwọn ará ilé yóò máa wí, pé a wà lókè òkun?” N kò rí ìdáhùn kan fún èyí, nítorí òótọ́ ni pé àwọn ará ilé yóò wí.

Wọ́n wálé fún ìnáwó kan ní oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí ooru mú gan-an, wọ́n sì sùn ní yàrá tí fáànù nìkan wà. Wọn kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ káfíńtà iye tí yóò gbà láti kan àjà sí ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Ìdó.