Odò Lẹ́dàl ní Ilẹ̀ Nọ́wè

Lónìí, mo fẹ́ kí a jọ lọ sí ibi tó jìn. Èmi fúnra mi kò dé ibẹ̀ rí. Ìwé kíkà ni mo fi dé ibẹ̀, bí ẹ̀yin náà yóò ṣe fi ìwé kíkà dé ibẹ̀.

Ilẹ̀ Nọ́wè wà ní àríwá Yúróòpù, níbi tí òtútù ti pọ̀. Òkè ló kún ibẹ̀. Òkun wọ àárín àwọn òkè náà bí ìka ọwọ́. Èyí tó gùn jù nínú àwọn ìka òkun náà ni Sognefjord. Ó wọ inú ilẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ. Níbi tí ó ti fẹ́ parí, odò kan ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Àfonífojì odò náà ni wọ́n ń pè ní Lærdal. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ ní èdè wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwa máa pè é ní Lẹ́dàl.

Òkè gíga wà lọ́tùn-ún, òkè gíga wà lósì. Ilẹ̀ oko kò fẹ̀. Òjò kì í sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí àwọn òkè ti gba òjò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Láyé àtijọ́, wọ́n gbẹ́ igi, wọ́n fi fa omi láti òkè wá sí oko.

Ṣọ́ọ̀ṣì onígi kan wà níbẹ̀, ní Borgund. Ó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1180. Ẹ ó bi mí pé, kí ló dé tí igi náà kò jẹrà? Wọn kò ri òpó rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Orí òkúta ni wọ́n gbé e lé, wọ́n sì ń fi ọ̀dà kun igi rẹ̀. Láti ọdún 2000, ọ̀nà ọkọ̀ kan tún gba abẹ́ òkè jáde ní Lẹ́dàl. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 24 àbọ̀. Ní tèmi, ẹ̀rù yóò bà mí láti wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹja ló mú kí ayé mọ Lẹ́dàl. Sómọ̀ ni orúkọ ẹja náà. Inú òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ odò ni ó ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á gbé inú odò fún ọdún méjì, mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà á lọ sí òkun, á jẹun, á tóbi. Òmíràn a máa wọ̀n ju 20 kílò lọ. Nígbà tó bá tó àkókò, á padà wá sí odò tí wọ́n ti bí i gan-an. Òórùn omi ilé rẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n. Láti àwọn ọdún 1800 ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń wá fi ìwọ̀ pa á ní Nọ́wè, wọ́n sì ń sanwó fún àwọn tó ni ilẹ̀ etí odò.

Ní ọdún 1996, wọ́n rí kòkòrò kan lára ẹja Lẹ́dàl. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Gyrodactylus. Bí ó bá nira láti pè, ẹ fò ó. Kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Ó ń lẹ̀ mọ́ awọ ọmọ ẹja bí àfòmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi, á sì máa jẹ ẹ́ títí ẹja yóò fi kú. Kì í yé ẹyin. Ọmọ ló ń bí, ọmọ tí ó bá sì bí ti lóyún kó tó jáde. Ẹ rò ó wò!

Kòkòrò yìí kì í ṣe ará Nọ́wè. Apá Swídìn ló ti wá, ẹja ibẹ̀ sì mọ bí a ti ń bá a gbé. Ènìyàn ló kó ẹja tí wọ́n sìn láti ibẹ̀ wá ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò sì bá a wọlé.

Kí ni wọ́n ṣe? Ní ọdún 1997, wọ́n da oró sínú odò náà. Gbòǹgbò àwọn igi kan ní ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ti ń rí oró yẹn. Àwọn àgbà apẹja ọ̀dọ̀ wa náà mọ irú ewé tí wọ́n ń gún sí omi kí ẹja lè léfòó. Bí ẹja bá kú, kòkòrò kò rí oúnjẹ jẹ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀. Kí ẹja má bàa tán, wọ́n pa ẹja! Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó irú ẹja náà pamọ́ sí ibòmíràn, bí àgbẹ̀ ṣe ń pa irúgbìn mọ́.

Síbẹ̀, kòkòrò náà padà wá. Ní 2005 àti 2006, wọ́n gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń kán alumíníọ́mù, ohun tí a fi ń ṣe ìkòkò funfun, díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé, ó ń pa kòkòrò, kò ní pa ẹja. Kòkòrò tún padà. Wọ́n tún ṣe é ní 2011 àti 2012. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró, wọ́n ń yẹ ẹja wò lọ́dọọdún. Ní 2017 ni ìjọba tó sọ pé odò Lẹ́dàl ti mọ́. Ọdún 21 nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n rí kòkòrò náà ti di géńdé.

Wàhálà ẹja sómọ̀ kò tíì tán ní Nọ́wè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba fòfin de pípa á nínú odò 33, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ ló padà láti òkun. Ti kòkòrò Lẹ́dàl ni wọ́n rí ṣe, nítorí pé kì í lè gbé inú iyọ̀ òkun, bí nǹkan bá sì gbẹ dáadáa, á kú. Ìdí nìyí tí apẹja tó bá ti odò mìíràn bọ̀ fi gbọ́dọ̀ sá bàtà, àwọ̀n àti ìwọ̀ rẹ̀ gbẹ, tàbí kí ó fi oògùn fọ̀ wọ́n, kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan omi Lẹ́dàl.