Òdòdó Marguerite ní Ìgbẹ́ àti Nínú Ọgbà

Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ fẹ́ràn òdòdó, bí a bá dárúkọ marguerite, ó ṣeé ṣe kí ọkàn yín lọ sí ìkòkò òdòdó lójú fèrèsé àwọn Òyìnbó. Kì í ṣe inú ìkòkò ni ó ti ṣẹ̀. Ilé rẹ̀ gan-an ni àwọn erékùṣù Kánárì, tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba Sípéènì, ṣùgbọ́n tí wọ́n súnmọ́ etíkun Mòrókò ju Yúróòpù lọ. Magarza ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é.

Oṣù kẹrin ni mo dé Tenerife, èyí tí ó tóbi jù nínú wọn. Létí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í ti í sinmi, mo rí igi kékeré kan tí kò ga ju ìbàdí lọ, tí ó hù láàárín òkúta. Ewé rẹ̀ là tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé kárọ́ọ̀tì. Òdòdó funfun tí àárín rẹ̀ pupa bí àárín ẹyin sì bò ó. Ẹnikẹ́ni kò bomi rin ín. Nínú igbó Anaga lókè, níbi tí kùrukùru ti ń rin igi gbingbin, ìbátan rẹ̀ kan wà tí ewé tirẹ̀ fẹ̀. Lára Òkè Teide, tí ó ga ní mítà 3,715, òmíràn lóṣòó mọ́lẹ̀ rìbìtì nítorí yìnyín ìgbà òtútù.

Ẹ wo òdòdó náà dáadáa, kì í ṣe ẹyọ kan. Àgbájọ òdòdó wẹ́wẹ́ ni àárín rẹ̀, funfun kọ̀ọ̀kan tí ó yí i ká pàápàá sì jẹ́ òdòdó. Àgbájọ bẹ́ẹ̀ ni òdòdó ewúro, yánrin àti ẹ̀bọ̀lọ̀, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n. Ta ni ìbá rò pé ewúro tí à ń fọ̀ fún ọbẹ̀ ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀ lókè òkun?

Ohun kan ká mi lára níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹbí magarza ṣọ̀wọ́n púpọ̀: Argyranthemum coronopifolium ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, kò sì sí níbòmíràn láyé àfi lórí àpáta díẹ̀ ní Tenerife. Magarza etí òkun ní tirẹ̀ a máa hù níbikíbi tí a bá ti tú ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà mọ́tò, ó bá etí ọ̀nà lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀. Kòkòrò ń gbé àtíkè òdòdó láti ara ọ̀kan dé ara èkejì, àwọn ọmọ wọn di àdàlù, nígbà tí ó sì ṣe, ojúlówó èyí tí ó ṣọ̀wọ́n pòórá ní àwọn ibì kan. Kò sí ẹni tí ó fà á tu. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ fi ojú wo ti ìgbẹ́, kí ẹ sì ra ti ọgbà lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á. Òfin tilẹ̀ de jíjá òdòdó ní Teide.

Ọgbà ilé ìtura tí mo sùn sí kún fún un, ṣùgbọ́n wọ́n ń bomi rin ín jù: ewé pọ̀, òdòdó kò tó nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Òyìnbó, ibi tí oòrùn wà ni kí ẹ gbé e sí, nínú ilẹ̀ oníyanrìn tí omi kì í dúró sí. Ẹ gé ẹ̀ka tí kò tíì rúwé òdòdó, bí sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gún un bí a ti ń gún igi ewúro. Bí ó bá ti mú gbòǹgbò, ẹ rẹ́ orí rẹ̀ kí ó lè yọ ẹ̀ka. Ẹ gbé e wọlé kí òtútù ìdì-omi tó dé, nítorí yóò pa á.

Ní ti àwa tí a wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ooru wa ti pọ̀ jù fún un. Ìtutù ni ó ń mú un rú òdòdó. Yúnyun etí ọ̀nà, tí àwọn ìyá wa ń fi ewé rẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró, jẹ́ ìbátan rẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú. Ẹ lọ hú díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà yín, kí ẹ sì máa gé e bí ó bá ti ga ju orúnkún lọ.