Àwòrán Ẹ̀rù Lórí Àpò Fúláwà

Láàrin àwọn Yorùbá tí ó tẹ̀dó sí Bouaké, ìlú tí ó ṣìkejì Abidjan ní títóbi ní Côte d'Ivoire, iṣẹ́ fótò yíyà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Òwò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ Anango, bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pe ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní 1960, àwọn tí ó ti ilẹ̀ Yorùbá wá pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní ilé fótò nínú ìlú náà. Nínú irú ilé fótò bẹ́ẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, aṣọ ńlá kan a máa wà lára ògiri, tí a ya ọkọ̀ òfurufú sí, tàbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tàbí ọgbà òdòdó. Ẹni tí kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí yóò dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń lọ sí ìlú òyìnbó, a ó sì yà á. Kò sí ẹni tí ó pe onífótò ní òpùrọ́.

Bí ọmọ Ẹjìgbò tí ó ń ṣòwò ní Bouaké bá ń ti ojú títì bọ̀ wálé, Abidjan, Accra, Lomé àti Kùtọnu ni yóò gbà kọjá. Láti nǹkan bí 1985 títí di òpin ọ̀rúndún ogún, bí ó bá ti dé ilẹ̀ Gánà, yóò rí aṣọ mìíràn tí a ya àwòrán sí, tí a nà sí ẹ̀bá ọ̀nà tàbí sí iwájú ilé fídíò. Ọkọ̀ òfurufú kọ́ ni ó wà lára èyí. Agbárí ni, àti ejò, àti ọ̀bẹ, àti ojú tí ó pọ́n bí ẹyin iná. Ìpolówó sinimá adẹ́rùbani ni.

Fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá ní tẹlifíṣọ̀n kan, ẹ̀rọ fídíò kan àti jẹnẹrétọ̀, ó ti di onísinimá. Ó lè kó wọn sínú ọkọ̀, kí ó máa ti ìlú bọ́ sí ìletò. Ìwé ìpolówó tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí náà àwọn tí ń ya àwòrán sára pátákó ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Wọn a tú àpò fúláwà, wọn a rán méjì pọ̀, wọn a sì fi ọ̀dà elépo yàwòrán sí i, kí ó lè ṣeé ká kiri. Daniel Anum Jasper, ará Teshie lẹ́bàá Accra, wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Leonardo, Stoger àti Heavy J wà nínú àwọn tí orúkọ wọn hàn lára aṣọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ayàwòrán kò rí sinimá náà rárá. Páálí fídíò ni yóò wò, tàbí kí ó gba ìtàn náà gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ó rí i. Èyí tí ó kù, inú ara rẹ̀ ni yóò ti mú un jáde: ohun tí ń ba àwọn ará àdúgbò rẹ̀ lẹ́rù ni yóò fi kún ti òyìnbó. Báyìí ni òǹwòran ṣe ń sanwó wọlé, tí yóò jókòó títí eré fi tán, tí kò sì ní rí ejò tí ó tìtorí rẹ̀ wá. Àwọn kan a máa fi èyí wé aṣọ onífótò, ṣùgbọ́n ọ̀ràn méjèèjì kò dọ́gba. Ẹni tí ó dúró níwájú ọkọ̀ òfurufú mọ̀ pé ọ̀dà ni; ẹni tí ó dúró níwájú ejò kò mọ̀.

Síbẹ̀ kì í ṣe ayàwòrán Gánà ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rù polówó. Ní Jámánì, nígbà tí Nosferatu jáde ní 1922, Albin Grau, ẹni tí ó ṣètò aṣọ àti ibi ìṣeré inú sinimá náà, ni ó tún ya àwòrán ìpolówó rẹ̀. Nígbà tí Frankenstein jáde ní Amẹ́ríkà ní 1931, ojú òkú tí ó jí dìde ni wọ́n yà gàdàgbà sórí ìwé. Ohun tí ó wà nínú eré ni wọ́n ń fi hàn. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rù pamọ́. Ìpolówó The Exorcist ní 1973 kò ju ọkùnrin kan tí ó dúró lábẹ́ iná òpópónà, tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé sì ń bọ́ lù ú. Ti Alien ní 1979, ẹyin kan tí ó sán ni. Ó dára, ó sì bu ọlá fún òǹwòran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbọ́ òkìkí eré tẹ́lẹ̀ ni irú rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Ará ìletò tí jẹnẹrétọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá ní ìrọ̀lẹ́ kò tí ì gbọ́ nǹkan kan.  

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé Aiyé jáde ní 1979, àjẹ́ wà nínú sinimá náà ní tòótọ́, orúkọ Ogunde nìkan sì tó láti kó èrò jọ. Lẹ́yìn tí Living in Bondage, tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní èdè Ìgbò ní 1992, sọ fídíò di òwò ńlá ní Nàìjíríà, ojú òṣèré ni ó gba gbogbo páálí: márùn-ún, mẹ́fà, tí wọ́n la ojú sílẹ̀ rangandan. Orúkọ òṣèré ni wọ́n ń tà. Bí ẹ̀rù bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, igun kan ni wọn ń fún un. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe èyí, orúkọ ẹni tí ó tò ó kì í sì í sábà hàn. Ìwé ìpolówó olówó pọ́ọ́kú dé Gánà náà, tẹlifíṣọ̀n àti fídíò sì wọ ilé ènìyàn púpọ̀. Iṣẹ́ dẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ya àpò fúláwà.

Ní 2000 ni Ernie Wolfe, ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ńlá kan tí ó kó àwọn àwòrán náà jọ, wọ́n sì ń rékọjá òkun. Aṣọ tí a ti ká, tí a ti tú, tí òjò àti eruku ti bá jà, di ohun tí a ń kọ́ sí ara ògiri ilé ọlọ́rọ̀. Ilé àwòrán kan ní Chicago, Deadly Prey, ti ń gba iṣẹ́ tuntun fún àwọn ayàwòrán Gánà: oníbàárà yóò dárúkọ sinimá tí ó wù ú, wọn yóò sì yà á ránṣẹ́. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ti wo sinimá náà tán kí ó tó sanwó. Ó mọ̀ pé ejò kò sí nínú rẹ̀. Ejò náà gan-an ni ó ń rà.