Omi ni ó Dànù, Agbè kò Fọ́

Nígbà tí àdánù bá dé bá ènìyàn, àwọn àgbà a máa tù ú nínú pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú yìí ni ó ń wá sí wa lọ́kàn nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé káàdì ìdìbò ẹnìkan sọnù tàbí ó bàjẹ́. Ní Yábà, ní Sùúrùlérè àti ní Múṣin tí àwa ń gbé, ọ̀nà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi ń ṣègbé kò lóǹkà. Àgbàrá a ya wọ iyàrá lóru, jàgùdà a já àpò gbà ní Ojúẹlẹ́gba, a ó kó láti ilé kan lọ sí òmíràn, ohun tí a fi pamọ́ a sì di àwátì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wo ìwé tí a kọ orúkọ ará ìlú sí. Ní ọdún 1923, nígbà tí a kọ́kọ́ dìbò ní Èkó láti yan ènìyàn sí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, kìkì ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún tó 100 pọ́n-ùn ni ó lè dìbò. Ẹgbẹ́ Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ni ó borí. Àwọn ìyá wa kò sí nínú ìwé náà rárá. Ní ìhà Àríwá, ọdún 1979 ni àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ dìbò yan ìjọba àpapọ̀. Ohun tí a fi sùúrù gbà báyìí kò yẹ kí ó tọwọ́ àìbìkítà sọnù.

Ṣùgbọ́n kí á fi òye mọ̀ pé káàdì yàtọ̀ sí orúkọ. Orúkọ wa, àwòrán ojú wa àti ìka tí a tẹ̀ wà nínú ìwé ńlá tí Àjọ Elétò Ìdìbò ń pa mọ́. Káàdì wulẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ ní ọwọ́ wa. Ní kùtùkùtù ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2022, iná jó ọ́fíìsì àjọ náà tí ó wà ní Gúúsù Abẹ́òkúta. Àpótí ìdìbò 904 jóná, àti káàdì 65,699 tí àwọn tí ó ni wọ́n kò tíì wá gbà. Síbẹ̀ orúkọ ẹnìkan kò jóná, àjọ sì ṣèlérí láti tún àwọn káàdì náà tẹ̀. Agbè kò fọ́.

Òfin ìdìbò ọdún 2022 la ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tí káàdì rẹ̀ bá sọnù, tàbí tí ó ya, tàbí tí ó bàjẹ́. Òun tìkára rẹ̀ ni yóò tọ òṣìṣẹ́ ìdìbò lọ, bí Jósẹ́fù ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù nítorí ìwé orúkọ. Yóò sọ bí ọ̀ràn ti rí, ó pẹ́ tán, kí ó ku 90 ọjọ́ sí ọjọ́ ìdìbò. Kò sì gbọdọ̀ san kọ́bọ̀.

Ní àsìkò òjò ọdún 2022, àgbàrá wọ ilé ìyá aláta kan ní àdúgbò wa. A rí káàdì rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ti ṣẹ́ sí méjì, ojú rẹ̀ sì ti họ. Ẹnìkan ní kí ìyá náà mú owó wá. Ẹlòmíràn ní kí ó lọ forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe é rí. A wí fún un pé, “Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Orúkọ yín wà níbẹ̀.” Nítòótọ́, nínú 12,298,944 ènìyàn tí ó forúkọ sílẹ̀ nígbà náà, àjọ yọ 2,780,756 kúrò, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sì wà lára wọn. Ìyá fi ọ̀rá di àfọ́kù káàdì náà, ó tò fún òwúrọ̀ méjì, kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí ní ọjọ́ 31 oṣù keje. Kí gbígba káàdì tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2023, tuntun ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan ní àdúgbò kan náà pàdánù tirẹ̀ nínú ọkọ̀ ní oṣù kan náà. Ó ní àyè ṣì wà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, ó dúró níwájú ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ó fi ojú ara rẹ̀ ka orúkọ ara rẹ̀, ó sì padà sílé láìdìbò, nítorí kò ní káàdì lọ́wọ́. Orúkọ 7,060,195 ni ó wà nínú ìwé Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún náà. Àwọn tí ó dìbò yan Ààrẹ kò pé mílíọ̀nù kan àbọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ó dàgbà di olùdìbò, ìtùnú àwọn àgbà kò pé bí a bá jókòó ti agbè òfìfo. Káàdì tí ó sọnù ní ààrọ̀, ọjọ́ tí ó kọjá ni kò ní. Ẹni tí omi rẹ̀ bá dànù, kí ó tètè gbé agbè padà lọ sí odò, kí ilẹ̀ tó ṣú.