Ọ̀tún Wẹ Òsì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Láti kékeré ni mo ti gbọ́ òwe yìí. Ìrànlọ́wọ́ nìkan ni mo rò pé ó ń wí.

Gààrí ni ìyá àgbà tí ó tọ́ mi ní Ayétòrò ń yan. Ó lé ní 30 ọdún tí ó fi jókòó ti agbada, tí ó ń fa èéfín igi símú. Kò mu sìgá rí, síbẹ̀ ikọ́ kò fi í sílẹ̀. Bí ó bá rìn dé ọjà, agbára káká ni yóò fi mí. A ní ọjọ́ ogbó ni. Dókítà kan ní Ìlaròó ni ó là wá lóye pé èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́.

Ní 2018, èémí rẹ̀ há. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá kan, wọ́n ti rọ́bà ẹ̀rọ tí ń báni mí bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ní ọjọ́ kẹta, ó lajú, ó di ọwọ́ mi mú. Ní ọjọ́ kẹfà, òtútù àyà tí kò bá a wọlé dé. Dókítà ṣàlàyé pé rọ́bà náà a máa ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò àrùn, ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín ti jẹ kì í sì í lè lé e jáde. Ọwọ́ ènìyàn a sì máa gbé kòkòrò náà kiri. Ìyá àgbà kò padà sílé mọ́.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ ọwọ́ tí ó gbé e wá. Ṣùgbọ́n mo rántí pé bí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni mo wọlé tọ̀ ọ́, tí mo sì nu itọ́ ẹnu rẹ̀. Omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ọ̀nà; n kò yà síbẹ̀.

Ní 1847 ni Dókítà Semmelweis ti fi hàn ní Vienna pé bí àwọn dókítà bá fọ ọwọ́, ikú àwọn abiyamọ a dín kù. Síbẹ̀, ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé nínú 100 aláìsàn tí a dá dúró sí ilé-ìwòsàn ní irú ilẹ̀ tiwa, nǹkan bí 15 ni yóò kó àrùn mìíràn níbẹ̀. Ní ilẹ̀ olówó, nǹkan bí 7.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá àwọn ìyá wa gbé ààrò gààrí síbi tí èéfín yóò ti rí ọ̀nà lọ. Bí ẹ bá sì lọ kí aláìsàn, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fi kàn án. Omi àti ọṣẹ pẹ̀lú ni òwe àgbà ń wí.