Àpáta, Omi àti Ìbéèrè Ọmọ Kan

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gun Òkè Ìdànrè ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin, mọ̀ pé àpáta ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀. Àtẹ̀gùn tí a ó gùn lé ní ẹgbẹ̀ta (600) kí a tó dé ibi tí àwọn ará Ìdànrè ń gbé rí, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, nígbà tí a jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan, a kó àwọn ọmọ kíláàsì wa gun òkè náà. Ohun tí a ṣe níbẹ̀ ni a fẹ́ jẹ́wọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Aago kan kò tíì lù nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin bọ́ bàtà rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan àpáta, ó fò sókè. Kòtò kan wà nítòsí tí omi òjò àkọ́rọ̀ dúró sí; ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ara sì tù ú. Nígbà náà ni ó yíjú sí wa, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, oòrùn kan náà ni ó ti ń ràn sí àpáta yìí àti omi yìí láti òwúrọ̀. Kí ló dé tí ọ̀kan fi ń jóni tí èkejì sì tutù?”

A kò mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ojú tì wá láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ọmọ. A ní, “Omi ni omi ń jẹ́, àpáta ni àpáta ń jẹ́.” Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó tún la ẹnu láti sọ̀rọ̀, a sì ní kí ó dákẹ́, kí ó wọ bàtà rẹ̀. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà títí di òpin ọdún, kò tún bi wá ní ìbéèrè kankan mọ́. Àwa sì ń yọ̀ nínú ara wa pé ó ti kọ́ ìrẹ̀lẹ̀.

Nígbà ìsinmi, a yà sí ilé alágbẹ̀dẹ kan. Bí ó ti ń lu irin, ẹ̀ta iná ń bà lé apá rẹ̀, kò sì mira. A bi í léèrè bí kò bá jó o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀ta iná kéré jù, tíṣà. Omi gbígbóná ni mo ń sá fún.” Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí a sùn. A wá ìwé kà, ibẹ̀ ni a sì ti rí i pé ohun méjì ni a ti ń pè ní ọ̀kan.

Ìgbóná yàtọ̀ sí ooru. Ìgbóná ni ohun tí tẹmómítà ń wọ̀n. Ooru ni ohun tí ń kúrò lára ohun tí ó gbóná lọ sára ohun tí ó tutù jù ú lọ. Ẹ̀ta iná lè gbóná ju ìwọ̀n 1,000 ti Celsius lọ, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ooru tí ó lè fún awọ ara kò tó nǹkan. Ìkòkò omi tí ó ń hó kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 100 lọ, síbẹ̀ ó lè pa ọmọdé.

Ó tún kù síbì kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ rò pé bí ohun kan bá ṣe wúwo tó ni yóò ṣe gba ooru tó. Joseph Black, ẹni tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, ni ó fi hàn ní nǹkan bí 1760 pé kò rí bẹ́ẹ̀: olúkúlùkù ohun ni ó ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀ tí ń gbà kí ó tó gbóná. Òun fúnra rẹ̀ kò tẹ ẹ̀kọ́ yìí jáde. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni John Robison, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti kọ́, tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1803.

A dán an wò fúnra wa. A mú òkúta kan láti ẹsẹ̀ òkè, ó wọn kílò kan. A sè é nínú omi híhó títí ìgbóná òkúta fi bá ti omi dọ́gba, a sì gbé e sínú kílò kan omi tútù tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 27. Nínú àwo kejì, a da kílò kan omi híhó sínú kílò kan omi tútù. Àwo òkúta gòkè dé bí 38. Àwo omi gòkè dé bí 60. Ìgbóná kan náà ni òkúta àti omi híhó gbé wọ inú àwo, ṣùgbọ́n ooru wọn kò dọ́gba. Kílò kan omi ń gba nǹkan bí 4,180 joule kí ìgbóná rẹ̀ tó fi ìwọ̀n kan gòkè. Irú àpáta Ìdànrè, tí à ń pè ní gránáìtì, ń gba nǹkan bí 790 péré. Ooru tí ó mú omi gòkè ní ìwọ̀n kan yóò mú òkúta tí ó wọn bákan náà gòkè ju ìwọ̀n márùn-ún lọ.

Ìdí kìíní nìyí. Èkejì ni pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọ inú omi lọ, ooru rẹ̀ sì ń tàn ká, ṣùgbọ́n ojú àpáta ni ó ń dúró sí. Ẹ̀kẹta ni pé omi tí oòrùn ń fà gbẹ ń gbé ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òógùn ti ń mú ara wa tutù.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, a gbé àwo méjèèjì lọ sí kíláàsì láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà. Àyè rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ti kó lọ sí abúlé oko kòkó mìíràn, kò sì sí ẹni tí ó lè júwe ibẹ̀ fún wa. A fi iṣẹ́ náà han àwọn ìyókù, a sì jẹ́wọ́ fún wọn pé ìbéèrè rẹ̀ ni a kò lè dáhùn ní ọjọ́ tí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, “A kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí a jọ wádìí rẹ̀” kò bu iyì olùkọ́ kù. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, bí a kò bá dá yín lóhùn dáadáa, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Bí ọmọ náà, tí ó ti tó bàbá ọlọ́mọ báyìí, bá sì ka ìwé yìí, ìdáhùn tí a jẹ ẹ́ ní gbèsè nìyí.