Àtẹ Ìfági ní Òpópónà Stéṣọ̀n

Bí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ bá ti lù ní Òṣogbo, Òròkí ìlú aró, tí ìrì ti gbẹ lórí páànù àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ó wà ní Òpópónà Stéṣọ̀n, nígbà náà ni àwọn tí ń ta irinṣẹ́ tòkunbọ̀ ń tú àpò, tí wọ́n ń to ayùn, òòlù àti ìfági lẹ́sẹẹsẹ sórí tapólì. Ọkọ̀ ojú irin ni ó sọ àdúgbò náà di ojú ọjà. Láti ọdún 1907 tí ó ti wọ ìlú ni ẹrù òkè òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí àwọn òṣómàáló wọn láyé àtijọ́ kì í kúrò ní ìlóṣòó lẹ́nu ọ̀nà ajẹgbèsè títí owó wọn yóò fi pé, sì ti ń ti Iléṣà gba nǹkan bí máìlì 20 wá ra ọjà.

Ìlóṣòó náà ni bàbá káfíńtà ará Iléṣà kan wà níwájú àtẹ ní wákàtí tí mo ń wí yìí, àjákù ìrókò lábíyá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tí ó lọ ra ìfági láì mú igi tí yóò fi fá dání, lójú tèmi, bí ẹni tí ó rán ẹlòmíràn lọ wọn bàtà fún un ni.

“Ọmọ Ọbòkun, ẹ kú ìrìn o,” ni ìyá tí ó ni àtẹ wí. “Bàbá, ẹ ò rí pléènì tuntun yìí bó ṣe ń dán?”

“Mo rí i, ọmọ mi. Jẹ́ kí n wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.”

Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó di ojú kan, ó fi ojú kejì tọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ìdí dé imú. Ó fi rúlà irin lé e ní ìbú, ìmọ́lẹ̀ sì yọ lábẹ́ rúlà náà. Ó gbé e sílẹ̀ láì sọ̀rọ̀. Kò sí bí a ti lè ṣe ẹ̀bọlọ́ kí ó má rùn ìgbẹ́: ìfági tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá kó sínú, ọ̀dà tí ó wù kí wọ́n kùn ún, pákó kò ní tẹ́jú lábẹ́ rẹ̀.

Ó mú Stanley ará Amẹ́ríkà kan, nọ́ńbà 5, onííǹṣì 14, tí a fi ń fá pákó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ayùn dé. Èékánná bàbá náà kan ìlà tín-ín-rín létí ẹnu ìfági náà: ó ti já bọ́ rí, irin tí a dà kì í sì í tẹ̀, sísán ni í sán.

Record, ọmọ Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà 4, tí ìdípẹtà bò, ni ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù lọ. Igi ju igi lọ: igi àrẹ̀rẹ̀ rọ̀, ìfági tí ó bá dé ni ó gbà. Ṣùgbọ́n ìrókò, olúwéré ọba igi, kì í to iṣan rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bí èyí ti ń lọ sọ́tùn-ún ni èyí tí ó tẹ̀ lé e ń lọ sósì, bí ẹnu ìfági bá sì fẹ̀, abẹ rẹ̀ a máa fa igi ya kí ó tó gé e, nígbà tí ẹnu tóóró ń tẹ igi mọ́lẹ̀ de abẹ. Ìrókò a tún máa gbé òkúta sínú, èyí tí í ká abẹ léyín; ìdí nìyí tí bàbá náà fi fa abẹ yọ, tí ó fi ìka wọn èyí tí ó ṣẹ́kù, nítorí abẹ tí ó bá ti ká léyín, pípọ́n ni, pípọ́n sì ń jẹ ẹ́ lọ ni.

Ọmọ iṣẹ́ di ìrókò mú, ọ̀gá rẹ̀ ti ìfági náà lẹ́ẹ̀kan. Awẹ́ igi gígùn kan yọ lẹ́nu rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ojú igi sì ń kọ mọ̀nà. Ìbá ti ná ọjà ná kí ó tó dán an wò! Ìyá náà ti rí awẹ́ igi yẹn, owó sì gòkè lójú ẹsẹ̀.

“Ọmọ Òròkí, dín in kù fún mi.”

“Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ò rí ohun tó ṣe ni?”

Ó ṣe bí ẹni tí ń lọ, wọ́n pè é padà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí mo sì kúrò níbẹ̀ wọn kò tíì fẹnu kò.